Ìbòmú Kòrónà kò tó fún asbestos o
Wọ́n ń pín in kiri láàárín àwọn èèyàn wa tó ń ra ilé àtijọ́ ní ìlú ọba pé kéèyàn wọ́n omi sí asbestos (ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ léwu), kó fi ìbòmú Kòrónà bo imú, kó sì fúnra rẹ̀ tú u. Irọ́ ni. Omi ń dín eruku kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbòmú yẹn kò lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni eruku máa ń gbà wọlé. Ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ jọ̀ọ́! Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2000 ni kẹ́ ẹ fura sí. Èyí tí wọ́n fi wé páìpù omi gbígbóná wà lára èyí tó burú jù: iṣẹ́ àwọn tó gba ìwé àṣẹ HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ni. Àìsàn tí asbestos ń fà lè fara pa mọ́ fún 20 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.