Ìbọ̀sẹ̀ Pupa àti Ẹgbẹ́ "Àwa La Borí"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu ọmọ ènìyàn, n kò tíì rí èyí tí ó rọrùn láti gbé wọ̀ bí ẹ̀wù tó "àwa". Kò ní bọ́tìnnì, kì í fún ni lápá, ẹni tí ó sì mú un lórí igbá kì í sanwó. Bí ẹnìkan bá làágùn títí ó fi ṣe ohun tó wuyì, kí ó tó nu ojú rẹ̀ tán, ẹni tí ó jókòó sábẹ́ ibòji ti kó sínú "àwa". N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, pàápàá jù lọ àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀wù ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú tí wọn kò dé rí bú ara wọn lójú agbo. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí odidi ìlú ṣe lè dá "àwa" bí aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1869.

Ẹlẹ́dẹ̀ ni òkìkí Cincinnati tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa níbẹ̀ pọ̀ débi tí wọ́n fi ń pe ìlú náà ní Porkopolis, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ìlú Ẹlẹ́dẹ̀, títí di ìgbà ogun abẹ́lé wọn, nígbà tí Chicago yọ lójijì tí ó sì gba oyè náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìlú tí wọ́n gba ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò lè ṣàì wá nǹkan mìíràn tí yóò fi máa yangàn. Àwọn ọlọ́lá ibẹ̀, tí agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Aaron Champion jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ eré ìdárayá wọn, yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọkàn sí bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré líle.

Àmọ́ àṣà kan ti wà nídìí eré yìí ṣáájú kí Cincinnati tó dé. Àjọ tí ó ń darí rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1857, gbà pé ọmọlúàbí kì í gbowó kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù, pé ìfẹ́ eré nìkan ni ó yẹ kí ó máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ tagbára tagbára, wọ́n sì ń ti owó bọ àpò àwọn tí ó mọ eré náà gbá lábẹ́ kóòtù. Lọ́dún 1867, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Wright wà nínú ẹgbẹ́ Nationals ní Washington. Nítorí pé a kò gbọdọ̀ gbọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ̀wé ni, wọ́n sì kọ àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí i: ojúlé 238, Pennsylvania Avenue. Ẹni tí ó bá wá akọ̀wé wa dé ojúlé yẹn, igi àti koríko ni yóò bá, nítorí ọgbà ìgbafẹ́ ará ìlú ni ibẹ̀. Bóyá orí ewé ni ó ń kọ ìwé sí, a kò lè sọ. Ní New York, àpò ìjọba ìlú ni owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Mutual ti ń jáde, lábẹ́ ìbòjú William Tweed, ọ̀gá àwọn olóṣèlú ibẹ̀, ẹni tí owó ìlú kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè nígbà náà, yóò dá yín lóhùn pé ọmọlúàbí kì í gbowó.

Nígbà tí ó wá di ìparí ọdún 1868, ojú ti àjọ náà díẹ̀, wọ́n sì gbà pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbowó máa gbà á ní gbangba láti ọdún 1869. Cincinnati ni ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹní rẹ̀ sójú ọ̀nà, tí ó ní gbogbo agbábọ́ọ̀lù òun pátá ni yóò gba owó iṣẹ́, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. George Wright, akọ̀wé inú ọgbà, ni owó rẹ̀ ga jù, dọ́là 1,400. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Harry Wright, tí wọ́n bí ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti fi kíríkẹ́ẹ̀tì jẹun rí, ni olórí wọn, ó sì gba 1,200. Asa Brainard tí ń ju bọ́ọ̀lù gba 1,100, Fred Waterman gba 1,000, àwọn márùn-ún gba 800 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ láti rọ́pò ẹni tí ó bá farapa sì gba 600. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 9,300. Ẹ fi ọkàn sí iye yìí, nítorí iye tí wọ́n ra "àwa" fún ìlú Cincinnati nìyẹn. Nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Charlie Gould nìkan ni ọmọ ìlú. Àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ wọn, ìhà New York àti New Jersey ni wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n sì bí ẹnìkan nínú wọn ní Ireland.

Ẹ jẹ́ kí a wo aṣọ wọn, nítorí ara rẹ̀ ni àṣà náà gùn. Ṣòkòtò gígùn tó bo kókósẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ó ń lọ sí ilé ìfowópamọ́. Àwọn ti Cincinnati gé tiwọn sí orúnkún, irú èyí tí bàbá wa àgbà ìbá wò kí ó sì pè ní kẹ̀ǹbẹ̀, wọ́n sì fa ìbọ̀sẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà ọkùnrin a máa fi ojúgun hàn ní ìgboro? Ẹ̀rín náà tán ní kété tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí borí. Ojúgun tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá di ojúgun tí oníròyìn ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ìlú náà sì gba orúkọ ìbọ̀sẹ̀ lé àwọn ọmọ náà lórí: Red Stockings, Àwọn Oníbọ̀sẹ̀ Pupa.

Ní ti eré, kí a má purọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n gbá. Kò sí ìbọ̀wọ́ nígbà náà; àtẹ́lẹwọ́ lásán ni wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù líle náà, ìka a sì máa wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní oṣù kẹfà, wọ́n lọ sí ìlà-oòrùn, wọ́n na ẹgbẹ́ Mutual ní 4 sí 2, ní ìgbà tí ayò 30 tàbí 40 kò jẹ́ tuntun létí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé Washington, Ààrẹ Ulysses Grant sì gbà wọ́n lálejò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, wọ́n padà délé, ìlú tú jáde, ìlù ń dún, àwọn onígẹdú sì gbé ọ̀pá ìgbábọ́ọ̀lù kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 27 wá láti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 27? Kò sí. Ọ̀pá "àwa" ni, ẹni tí kò bá lè gbá bọ́ọ̀lù ni ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Níbi àsè alẹ́ náà, Champion dìde, ó ní bí wọ́n bá ní kí òun yàn láàárín ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà àti ipò ààrẹ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Cincinnati, ti bọ́ọ̀lù ni òun yóò mú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Orí ń wú.

Ní oṣù kẹjọ, àwọn Haymakers ti ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York, wá bá wọn lálejò, ẹgbẹ́ tí John Morrissey wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó ti jẹ́ akànṣẹ́, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé tẹ́tẹ́, tí ó sì tún wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ayò wà ní 17 sí 17 nígbà tí àríyànjiyàn dé lórí bọ́ọ̀lù kan, olórí Haymakers sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò lórí pápá. Àwọn tí ó mọ tẹ́tẹ́ mọ̀ pé bí eré kò bá parí, owó tí a fi ta tẹ́tẹ́ lé e kì í sọnù. Adájọ́ eré gbé ìborí fún Cincinnati. Lẹ́yìn èyí, wọ́n wọ rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n gba ojú irin lọ sí San Francisco, wọ́n sì na àwọn ti ibẹ̀ náà bí ẹni ń fọ aṣọ. Nígbà tí ọdún fi parí, wọ́n ti borí nígbà 57 láàárín àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú àjọ, wọn kò sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibi tí ẹ̀rín ti pa mí ni ìwé ìṣirò. Dọ́là 29,726 àti sẹ́ǹtì 26 ni ó wọlé lọ́dún náà. Dọ́là 29,724 àti sẹ́ǹtì 87 ni ó jáde. Èrè odidi ọdún, ìrìn láti òkun dé òkun, ojúlówó àsè àti ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 27, jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 39. Ìlú tí ń sọ pé "àwa la borí" kò fi bẹ́ẹ̀ rántí mú sẹ́ǹtì lọ́wọ́ wá sí ẹnu géètì.

Ó wá di ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1870, ní pápá Capitoline ní Brooklyn, níwájú ẹgbẹ́ Atlantic. Sẹ́ǹtì 50 ni wọ́n fi ń wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kún ibẹ̀ dé orí ilẹ̀ eré. Ìpele mẹ́sàn-án, iye tí wọ́n fi ń parí eré, pé ní 5 sí 5. Àwọn Atlantic ní ó tó, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀mì wà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Bí Harry Wright bá gbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ìbá délé láìsí ẹni tí ó na wọ́n rí. Kò gbà. Wọ́n wá Henry Chadwick, oníròyìn tí ó mọ òfin eré náà ju ẹnikẹ́ni lọ, òun náà sì ní kí wọ́n padà sórí pápá. Ní ìpele kọkànlá, Cincinnati jẹ ayò méjì, ó di 7 sí 5, "àwa" sì ti ń gbọn aṣọ rẹ̀ láti dìde. Ìgbà náà ni Joe Start gbá bọ́ọ̀lù kan lọ sí apá ọ̀tún, ó bọ́ sáàárín èrò, Cal McVey sì sáré tẹ̀ lé e. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ẹnìkan láti inú èrò fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, bọ́ọ̀lù nílẹ̀, olólùfẹ́ Brooklyn lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n, àwọn Atlantic sì ń sáré ní tiwọn. "Àwa" ti Brooklyn nìyẹn o, òun kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà mọ sẹ́nu. Kí wọ́n tó gbọn ara wọn nù, ayò ti di 7 sí 7, bọ́ọ̀lù sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di 8 sí 7.

Champion padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó sunkún. Ó tẹ wáyà sílé pé àwọn ọmọ wa ṣe gudugudu méje, pé wọ́n na wọ́n ni, ojú kò tì wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí "àwọn ọmọ wa" yẹn, nítorí àwọn tí ó ń sọ ọ́ dínkù gidigidi láti ọjọ́ náà lọ. Ní Cincinnati, gírámà yí padà lóru ọjọ́ kan: àwọn tí ó ń sọ pé "a na wọ́n" lọ́dún tó kọjá bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé "wọ́n na wọ́n". Èrò tó ń wá sí géètì fọ́n. Owó iṣẹ́ tí kò wúwo nígbà ìlù wá di ẹrù. Ní oṣù kẹjọ, Champion fi ipò sílẹ̀, ipò tí ó ju ti Ààrẹ Grant lọ. Ní oṣù kọkànlá, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ kéde pé àwọn kò ní gba agbábọ́ọ̀lù kankan síṣẹ́ fún ọdún 1871, nítorí pé owó tí wọ́n ń béèrè ti pọ̀ jù.

Ìbọ̀sẹ̀ ni kò kú. Chicago ti dá tiwọn ní funfun lọ́dún 1870, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà. Lẹ́yìn wọn ni aláwọ̀ ewé ní New York àti aláwọ̀ ilẹ̀ ní St. Louis. Ọlọ́kọ̀ọ̀kan wọn ra ẹsẹ̀ láti ìlú mìíràn, wọ́n kùn ún, wọ́n sì ní "àwa" ni. Harry Wright ní tirẹ̀ kó pupa lọ sí Boston, orúkọ àti àwọ̀ papọ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ níbẹ̀ ní 1872, 1873, 1874 àti 1875. Ará Boston kankan kò béèrè ibi tí wọ́n ti rán an. "Àwa la borí" ni wọ́n ń ké. Àbúrò rẹ̀ George bá a lọ, McVey bá a lọ, ẹni kẹrin tí ó sì bá wọn di ẹrù ni Charlie Gould, ọmọ bíbí Cincinnati kan ṣoṣo tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà.