Wákàtí kan lórí ìlà, nítorí tíráàmù 28?

Fídíò yẹn tún ti ń lọ káàkiri. Ọ̀rẹ́ méjì dúró ní Martim Moniz, ní Lisbon, olú ìlú Portugal, ìlà gùn lẹ́yìn wọn bí ìlà epo bẹntiróòlù nígbà ọ̀wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí fóònù: ó ti tó wákàtí kan tí àwọn ti ń retí tíráàmù 28, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba àárín ìlú! Àwọn èèyàn sì ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn náà ń bọ̀ wá tò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ká wa mọ́?

Ẹni tó bá ti London gbéra pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó gba físà Schengen. 90 yúrò, ìwé báǹkì, ìwé ibiṣẹ́, ìwé ìbánigbófò tó gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò. Lẹ́yìn gbogbo làásìgbò yẹn, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló ní nílùú, ó wá fi odidi àárọ̀ kan dúró ti òpó. Bí tíráàmù náà bá sì dé, ọkọ̀ kékeré láti àwọn ọdún 1930 ni, ìjókòó inú rẹ̀ ò ju bíi 20. Àwọn yòókù á dúró, wọ́n á fún pọ̀ bí èrò mólùè, àwọn gbéwiri náà á sì ti wà láàárín wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú fèrèsé ni ọkàn gbogbo èèyàn wà. Ohun tí ẹni tó dúró á rí ni abíyá ẹni ẹlẹ́ni.

Gbogbo ọ̀nà tí 28 ń gbà, láti Martim Moniz dé Prazeres, bíi kìlómítà 7 ni. Ẹsẹ̀ ń rìn ín.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní òkè pọ̀. Wọ́n ní òkè méje ni ìlú náà jókòó lé, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ máa ti ìsàlẹ̀ gun gbogbo wọn? Ẹ jẹ́ kí nǹkan mìíràn gbé yín gòkè, kí ẹ wá máa fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ní Martim Moniz kan náà tí wọ́n ti ń tò yẹn, bọ́ọ̀sì 734 wà tó ń lọ sí Graça, àdúgbò orí òkè. Ẹ sọ̀ níbẹ̀, ẹ rìn dé Miradouro da Senhora do Monte, ibi tí gbogbo ìlú ti hàn títí dé odò Tejo. Láti ibẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ ń lọ: Graça, ìjọ São Vicente de Fora, ọjà àlòkù Feira da Ladra lẹ́yìn rẹ̀ bó bá jẹ́ Tuesday tàbí Saturday, Portas do Sol, Santa Luzia, kàtídírà Sé, kí ẹ tó já sí Praça do Comércio létí odò. Bíi kìlómítà 3 ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Baixa, àdúgbò pẹrẹsẹ ìsàlẹ̀ ìlú, tó fẹ́ lọ sápá ilé olódi São Jorge, kó wá lífíìtì ọ̀fẹ́ tó wà nínú ilé kan ní Rua dos Fanqueiros. Ó ń gbéni dé Rua da Madalena. Ẹ sọdá Largo do Chão do Loureiro, ẹ wọ inú ilé tí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ńlá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lífíìtì kejì á gbé yín dé Costa do Castelo. Ó máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn; bó bá bàjẹ́, àtẹ̀gùn wà. Fún Chiado, àdúgbò tó wà lókè Baixa, inú ibùdókọ̀ mẹ́tírò Baixa-Chiado ni kí ẹ gbà: àtẹ̀gùn oníná ibẹ̀ ń gbéni láti Rua do Crucifixo lọ sókè, ẹ ò sì ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá kọjá ẹnu géètì. (Ọ̀rọ̀ Glória, ọkọ̀ tí okùn ń fà gun òkè ní Lisbon, níbi tí èèyàn 16 ti kú ní September 2025, mi ò mú un wá síbí. Mi ò fẹ́ fi ikú ẹni ẹlẹ́ni jiyàn.)

Ohun tó ń tan àlejò jẹ jù ni máàpù fóònù. Ó á ní mítà 300 ló kù, kò ní sọ fún yín pé ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ àtẹ̀gùn. Orúkọ òpópónà ni kí ẹ máa kà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Escadinhas, àtẹ̀gùn ni. Calçada, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sábà máa ń jẹ́. Beco, ó ṣeé ṣe kó má jáde síbì kankan. Baixa nìkan ló tò gbọnrangandan, torí pé ilẹ̀ mì ní ọjọ́ 1 November 1755, ibẹ̀ wó, wọ́n wá fi rúlà ya òmíràn. Alfama, àdúgbò àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilé olódi, kò wó tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì fi lọ́ bí ìfun.

Ilẹ̀ náà wá ńkọ́? Òkúta funfun kéékèèké ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bàtà àwọn èèyàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an. Bí òjò bá kán sí i, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àpótí onítáyà lórí irú ilẹ̀ yẹn, ìyà gidi ni: táyà á há sáàárín òkúta, ọwọ́ àpótí á tẹ̀, ẹ ó wá gbé e lórí fún ìyókù ọ̀nà.

Báàgì ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé. Èyí tó jẹ́ 40 × 30 × 20 sẹ̀ǹtímítà, tí púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú ń gbà lábẹ́ àga láì gbowó, gba lítà 24. Ó tó fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó má ju kílò 7 lọ. Ohun tó bá wúwo jù kó sún mọ́ ẹ̀yìn yín gan-an, láàárín èjìká. Bí ẹ bá fi omi àti páwà báǹkì sí àpò ìta, báàgì á máa fà yín sẹ́yìn, ẹ ó sì máa tẹ̀ síwájú láti bá a jà, ẹ̀yìn á wá ro yín lálẹ́. Ẹ tú gbogbo okùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọ́. Bẹ́líìtì ìbàdí lẹ ó kọ́kọ́ dì, lórí egungun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn. Lẹ́yìn náà ni okùn èjìká, èyí tó so àyà ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ fa ti èjìká mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ọrùn wọn fi ń le.

Bàtà tuntun, ẹ fi sílé. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì so okùn bàtà le dáadáa lọ́rùn ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ lu iwájú bàtà. Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́sẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ jókòó, kí ẹ lẹ plásítà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní "ká kọ́kọ́ débi tí à ń lọ", ìléròrò ló máa bá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wá kù. Kì í ṣe owó ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín ọ̀rẹ́ méjì tó ń rìn nílùú olókè, ìṣísẹ̀ ni. Ẹni tó ń yára á gòkè, á dúró, á simi, á mu omi. Bí ẹnì kejì bá wá dé, tó ń mí hẹlẹ, ẹni àkọ́kọ́ á ní "ó yá, ká lọ". Ẹni tó rẹ̀ ò simi rárá, ẹni tí kò rẹ̀ ti simi tán. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tí kò yára ni kó máa ṣíwájú, kò sí ọ̀nà mìíràn. Kí ẹ má ru nǹkan kan náà ní méjì: ẹnìkan gbé páwà báǹkì, ẹnì kejì gbé plásítà. Omi ẹ̀rọ ìlú náà ṣeé mu, ẹ máa fi rọ ike yín. Bí ẹ bá fẹ́ pínyà fún wákàtí méjì, ẹ dá ibi tí kò ṣeé ṣì mú, bíi abẹ́ ère Ọba José ní Praça do Comércio, ẹ má sọ pé "létí ṣọ́ọ̀bù kọfí yẹn". Ṣọ́ọ̀bù kọfí pọ̀ ju yanrìn lọ níbẹ̀. Ẹ da owó oúnjẹ pọ̀ sínú àpò kan, kí ẹ sì rántí pé búrẹ́dì àti èso ólífì tí wọ́n gbé síwájú yín láì béèrè kì í ṣe sààrà. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó sanwó rẹ̀.

Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù nípa ìlà 28 yẹn nìyí. Níbi tí Calçada do Combro parí sí, tíráàmù náà ń kọjá nítòsí Rua do Poço dos Negros, òpópónà Kànga Àwọn Aláwọ̀ Dúdú. Lọ́dún 1515, Ọba Manuel Kìíní pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n á máa ju òkú àwọn ẹrú sí, torí pé wọ́n ń fi òkú wọn sílẹ̀ ní gbangba láì sin ín. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ òpópónà náà ti wá. Ọmọ Yorùbá á jókòó lójú fèrèsé, á ya fọ́tò táìlì aláràbarà ara ògiri, á kọjá. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn á rí orúkọ náà lára ògiri, ó lè dúró.

Ó lè dúró o. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò dúró. Nígbà tí mo sì tún rò ó, ìyá àgbà tó ń gbé ní Graça ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe tíráàmù yẹn, kò ráyè wọ̀ ọ́ mọ́ nítorí àlejò. Bí gbogbo wa bá kúrò lórí ìlà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń pariwo yìí, tí a da báàgì ẹ̀yìn wa sínú àwọn ọ̀nà tóóró Alfama, lábẹ́ fèrèsé tó ń sá aṣọ sí, ṣé a ti ṣe é lóore ni àbí a kàn tẹ̀ lé e délé?