Ìdajì Ọdún Ti Dé, Ẹ Gbé Jọ́tà Tuntun Wá

Fóònù mi ò sinmi láti ìparí oṣù June. Àwọn tí wọn ò kí mi kú ọdún ní January, tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní March tí wọn ò bèèrè mi, àwọn náà ló ń fi àwòrán òdòdó àti oòrùn tó ń yọ ránṣẹ́ sí mi báyìí, wọ́n wá kọ "Happy Second Half" sí i lára. Second half kẹ̀, ṣé bọ́ọ̀lù là ń gbá ni? Ó dáa, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù náà ni, góòlù mélòó ni wọ́n ti gbá sínú àwọ̀n wa ní first half? Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn ìyẹn o. Gbogbo wọn ti bọ́ jẹ́sì tó lóòógùn sílẹ̀, wọ́n ti wọ tuntun, wọ́n ní ká wá set góòlù.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún péré la máa ń parọ́ fún ara wa. Ní òru December 31 ni, a ó kóra wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ á ní ká kọ ohun tá a fẹ́ sínú pépà, a ó ká a, a ó jù ú sínú àpótí, kó tó di February a ti gbàgbé, kò sì sẹ́ni tó ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Irọ́ tó níwọ̀n ni. Àfi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lójijì. Ní Kubwa l'Abuja níbí, ní òru June 30, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó yí ilé wa ká ló ṣe crossover kékeré, wọ́n ń fi ìlù àti spíkà kí ìdajì ọdún káàbọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń gba ìyàwó wọlé. Mi ò tiẹ̀ bá tiwọn wí. Láńlọ́ọ̀dù mi tó jẹ́ Alhaji ará Ìlọrin ní ọdún tòun dé lóòótọ́, torí 1447 tàwọn Mùsùlùmí wọlé ní ìparí June 2025. Àwọn onífá náà, Sátidé àkọ́kọ́ nínú June ni wọ́n máa ń ṣọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá ní June lòun fẹ́ fi ṣọdún tuntun ní ẹlẹ́rìí tó pọ̀. Àmọ́ àwọn tí mò ń wí yìí ò bá Alhaji débẹ̀, wọn ò sì bá babaláwo débẹ̀. Instagram ló gbé wọn dé.

Màmá Ìbejì ní flat kejì ló kó o ran ilé tiwa. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ wá o, vision board ni, ní Gwarinpa, 20,000 péré, small chops àti zobo wà ńbẹ̀." Mo ní ṣé 20,000 yẹn ni màá fi rí ọjọ́ iwájú mi? Ó ní rárá, owó ìjókòó nìyẹn, pé brown àti funfun nìkan sì ni wọ́n ń wọ̀ wá. Kí n tó dáhùn, ìyàwó mi ti ra aṣọ brown. La bá lọ.

Ẹni tí kò bá mọ vision board, pátákó kan lásán ni. Wàá gé àwòrán gbogbo ohun tó ò ń fẹ́ láyé nínú magasíìnì àtijọ́, wàá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, wàá gbé e kọ́ ara ògiri, ó tán. Kò síbi tí wọ́n ti ń bèèrè pé èló lo ní lọ́wọ́. Àwa bí ogún la wà níbẹ̀, magasíìnì ò ju mẹ́jọ lọ, nínú gbogbo ẹ̀ mọ́tò Lexus gidi kan ṣoṣo ló wà. Àwọn àǹtí méjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan di iwájú mú, ìkejì di ìdí mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn o, "ẹ mú un, sis", "rárá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i", àmọ́ kò sẹ́ni tó jọ̀wọ́ ẹ̀, títí pépà fi ya fàà. Ẹni tó mú iwájú lẹ iwájú, ẹni tó mú ìdí lẹ ìdí. Tí Ọlọ́run bá gbọ́ àdúrà yẹn bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ gan-an, mẹ́káníìkì kan ní Apo á jẹun dọ́ba.

Gọ́ọ̀mù wá tán. Àwọn tó fẹ́ bá wa to ìgbésí ayé wa fún oṣù mẹ́fà gbáko, gọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n rà fún ogún èèyàn. Màmá àgbà kan ò wò wá lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde lọ sídìí kúlà, ó bu ẹ̀bà wá, bá a ṣe máa ń fi lẹ káìtì nígbà tá a wà lọ́mọdé, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀bà lẹ Dubai, a fi ẹ̀bà lẹ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Maitama, a fi ẹ̀bà lẹ Canada. Kó tó kàn mí, kò sí àwòrán gidi kankan mọ́, àfi ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́. Kóòṣì tó ń darí ètò náà wá bá mi, ó wo pátákó mi fún ìgbà díẹ̀, ó mirí, ó ní ìran ńlá nìyí, pé ìwẹ̀nùmọ́ ń bọ̀ fún mi.

Kóòṣì yìí, ọmọ kékeré ni o, àmọ́ ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní aago mẹ́ta òru ni Ẹ̀mí jí òun tó fi ọ̀rọ̀ kan lé òun lọ́wọ́, S, M, A, R, T, pé góòlù gbọ́dọ̀ ṣe pàtó, ó gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀n, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè tó o, ó gbọ́dọ̀ bá ayé ẹ mu, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi rọra wo fóònù mi lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni George Doran, ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn máníjà láti 1981, ìgbà yẹn ìyá kóòṣì ṣì lè wà ní ilé ìwé. Ẹ̀mí yẹn pẹ́ lọ́nà o. Àfi tó bá jẹ́ pé mọ́tò Mararaba ló wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdé.

Ó tún ní ọjọ́ 21 péré ni ìwà tuntun fi ń mọ́ èèyàn lára. Ìyẹn náà, dókítà kan tó máa ń tún imú àti ojú èèyàn ṣe, Maxwell Maltz, ló kọ ọ́ ní 1960, pé ó kéré tán ọjọ́ 21 ni kí ojú tuntun tó mọ́ àwọn aláìsàn òun lára. Imú ló ń sọ, ẹ̀yin ará mi. Kò sọ pé èèyàn á máa jí ní aago márùn-ún láti lọ sáré. Àwọn olùwádìí ní London tó fara balẹ̀ wò ó ní 2009 ní ọjọ́ 66 ni ní ìpíndọ́gba, pé ti ẹlòmíì lè jẹ́ 18, ti ẹlòmíì lè tó 254. Mo bá fi ìka kà á láti July 1, ọjọ́ 254 gbé mi jù sí oṣù March ọdún tó ń bọ̀, góòlù January ti wọlé tipẹ́ nígbà yẹn. Mo tiẹ̀ tún nawọ́ sókè, torí iṣẹ́ ìṣirò ni mò ń ṣe jẹun, mo ní ẹ jọ̀ọ́, July 1 kọ́ ni ìdajì ọdún, first half jẹ́ ọjọ́ 181, second half jẹ́ 184, ọ̀sán July 2 ni ìdajì gan-an. Kóòṣì ò mikàn. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bí? Ọlọ́run ti fi èènì ọjọ́ mẹ́ta sí i fún wa!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Bá a ṣe délé mo lọ tú jọ́tà January mi jáde. Ojú ewé kìíní mọ́ tónítóní, mo tiẹ̀ fi rúlà fàlà sí i: máa sáré ní Jabi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tọ́jú owó, kọ́ Hausa dáadáa. Ẹ ṣí ojú ewé kejì. Token iná ni, nọ́ńbà ogún, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì torí àṣìtẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù púlọ́ńbà, lẹ́yìn náà iye kẹ́ẹ̀gì tí mai ruwa tó ń ta omi gbé wá, iye tí gáàsì jẹ́, iye tó tún jẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, mo fi àmì ìyanu sí i. Bó ṣe rí lọ dé ẹ̀yìn jọ́tà nìyẹn. Mo wá ṣí tuntun tí wọ́n fún wa ní Gwarinpa, eléèpo brown, mo da góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ síbẹ̀, àfi pé "sáré" di "rìn", "lẹ́ẹ̀mẹ́ta" sì di "lẹ́ẹ̀kan". Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ní January màá kọ ọ́ pé kí n máa wo Jabi láti inú mọ́tò.

Mi ò lè dá wa lẹ́bi jù ṣá. Ìlú tá a ń gbé ló kọ́ wa. Ìjọba ní gbogbo èèyàn á nílé ní 2000, 2000 kọjá lọ, láńlọ́ọ̀dù mi ṣì ń fowó kún owó ilé. Abacha ní Vision 2010 ló kù, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Shonekan ṣe alága. 2010 ò tíì pé tí wọ́n fi ní ká gbójú kúrò níbẹ̀, Vision 20:2020 ló wà lóde, pé a máa wà lára orílẹ̀-èdè ogún tọ́rọ̀ ajé wọn tóbi jù láyé. 2020 dé lóòótọ́, ó bá gbogbo wa nínú ilé tá a tilẹ̀kùn mọ́ra, tá a ń fi sanitáísà fọwọ́. Reluwè Abuja náà, oṣù July 2018 ni wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù ẹ̀, ó dùbúlẹ̀ ní 2020, wọ́n tún gé rìbọ́ọ̀nù mìíì ní May 2024. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2024 ńkọ́? Wọ́n ní kó parí ní December, wọ́n sún iṣẹ́ àkànṣe inú ẹ̀ dé June 30, 2025, June 30 dé, wọ́n tún sún un dé December 31, 2025. Bọ́jẹ́ẹ̀tì gan-an ń ṣe second half! Ta lèmi tí góòlù 2024 mi ò fi ní wọ 2025?

Mo lọ Jabi Lake ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú July, ẹ má sọ pé mi ò lọ. Bàtà funfun tuntun lóríṣiríṣi. Ẹni tó ń ya fọ́tò ju ẹni tó ń rìn lọ, arábìnrin kan na ẹsẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹni tó ń ya á tó rí ibi tó dáa dúró sí. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo rí ẹni tó sáré. Gbogbo wa forí lé ìdí ọlọ́súyà, ibẹ̀ la wà títí òjò fi dá.

Nígbà tí mo ń darí lọ sílé, mo yà lọ́dọ̀ Mallam tó ń ta tíì àti Indomie ní kọ́nà wa, jọ́tà brown wà lábíyá mi. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo fi Hausa January mi ṣàlàyé fún un, rabin shekara, ìyẹn ìdajì ọdún, góòlù tuntun, ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Ó ní "To." Ó tẹ̀ba, ó fa ìwé tiẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ńṣì, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, epo ti rin ín. Orúkọ mi ló wà lókè. Indomie méjì, ẹyin méjì, búrẹ́dì, tíì, láti January bọ̀, kò fo ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò tíì rí jọ́tà tí wọ́n kọ dójú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Abuja. Ó rò ó pọ̀, ó ní 18,400. Mo ní Mallam, first half nìyẹn, a ti kọjá ibẹ̀. Kò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Ó gba jọ́tà tuntun lábíyá mi, ó gba bírò, ó ṣí ojú ewé kìíní, ó kọ 18,400 sókè góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó ṣe pàtó, ó ṣeé wọ̀n, ó ní ọjọ́.