Ilé La Ti Ń Kọ́ Èèwọ̀

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń múra ìgbéyàwó ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ òwe yìí dáadáa, torí abẹ́ òrùlé tọkọtaya ni èèwọ̀ ilé méjì ti máa ń pàdé.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣòwò ní Gánà mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ kí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, tó pàṣẹ, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín àwọn Akan, ẹ̀yà kan ní Gánà, ìhà ìyá ni wọ́n fi ń ka ẹbí. Bí ọkùnrin bá kú, ọmọ tí arábìnrin rẹ̀ bí ló ń jogún rẹ̀ nínú àṣà, kì í ṣe ọmọ tó bí. Ọdún 1985 ni òfin Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ìpín sọ́tọ̀ fún opó àtàwọn ọmọ olóògbé. Ẹ lè ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ. Ó dáa, ẹ wá ṣàlàyé ìdí-igi tiwa, ogún tí a ń pín ní iye ìyàwó, fún Akan: ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kan bí, iye tí ọmọ méje tí ìyàwó mìíràn bí gbà lápapọ̀ lòun nìkan yóò gbà. Ẹ wo bí yóò ṣe lanu!

Ní gáà Fúlàní, ojú máa ń ti ìyá láti pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Ìyàwó Yorùbá tó ń pe àbúrò ọkọ ní Ìbàdíàrán tàbí Akọ̀wé kò gbọdọ̀ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ lójú tèmi, owó ń ya ilé sọ́tọ̀ ju ẹ̀yà lọ. Nínú agbo ilé, ibi tí oúnjẹ bá ti jinná ni ọmọ ti ń jẹun, ìyá àgbà tó bá sì wà nítòsí lè nà án. Nínú ilé olódi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń mú ọmọ bọ̀ láti iléèwé, àbúrò bàbá pàápàá ń tẹ fóònù kó tó wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé méjèèjì. Bí ọmọ wọn bá fẹ́ra, ìyá ọkọ yóò dé láìsọ, yóò ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Ìyàwó ní ìyá yìí ń tojú bọlé onílé. Ìyá ní ahun ni ìyàwó. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.

Kì í sì í ṣe pé tálákà lójú àánú ju olówó lọ, bí àwọn oníwàásù ṣe máa ń sọ. Ẹni tí kò lówó ọmọ ọ̀dọ̀, aládùúgbò ni yóò fọmọ sílẹ̀ fún. Kò lè bá a jà. Ẹni tó lówó lè tilẹ̀kùn, ló ṣe ń tì í.

Ẹ ti ń béèrè jínótáìpù àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ara yín. Ẹ fi èyí kún un: ta ló ń san owó iléèwé àwọn àbúrò? Ta ló lè bá ọmọ wí? Bí bàbá bá kú, ta ló ń gbénú ilé? Ìyá ọkọ ni kí ẹ bi, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò mọ bí owó ṣe ń rìn nínú ilé tí wọ́n bí wọn sí.