Ẹni tí kò jó ni kí ẹ máa wò

Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lórí ohun kan tó ń ká mi lára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló máa ń sáré kọjá tí wọ́n bá ti dé ibi òde ijó. Wọ́n á ní aṣọ àti àbẹ́là lásán ni, pé ìtàn gan-an ṣì ń bọ̀ níwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òde ijó yẹn ni ìtàn ti ń yí padà, ọwọ́ ẹni tó jókòó tàbí ẹni tó dúró tì ló sì máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ijó náà ṣe ń lọ. Láyé òǹkọ̀wé Jane Austen, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni country dance. Àwọn ọkùnrin á tò sí ìlà kan, àwọn obìnrin á tò sí ìkejì, kálukú á kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn méjì tó wà lórí ìlà ló ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bá àwọn tó tẹ̀ lé wọn di ọwọ́ mú, wọ́n á yí po, wọ́n á gba àárín sọ̀kalẹ̀, wọ́n á padà gòkè, wọ́n á wá bọ́ sí ipò kan nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa sọ̀kalẹ̀ títí dé ìdí ìlà. Àwọn tí kò tíì kàn á máa dúró. Bí ìlà bá gùn, ìdúró náà á pẹ́, èèyàn á sì ráyè sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí Elizabeth àti Darcy, àwọn méjì tí ìtàn dá lé, fi lè máa sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn nílé Netherfield nínú ìwé Austen, Pride and Prejudice (1813), tí Sir William Lucas, aládùúgbò Elizabeth, tó fẹ́ gba àárín ìlà kọjá sì fi lè dúró kí wọn. Àwọn tó ń sọ ìwé yìí di fíìmù kì í fẹ́ràn ìdúró yẹn. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí BBC fi ìwé náà ṣe ní 1995, wọ́n tiẹ̀ lo orin Mr Beveridge's Maggot, orin tí wọ́n ti tẹ̀ ní London ní nǹkan bí 1695. Láyé Darcy, orin àwọn baba ńlá ni.

Méjì-méjì ni ijó máa ń rìn. Ọkùnrin tó bá ní kí obìnrin bá òun jó ti gba ijó méjì lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ wo orí kẹta ìwé yẹn: Darcy bá Mrs Hurst jó lẹ́ẹ̀kan, ó bá Miss Bingley jó lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì jẹ́ arábìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ní Rosings, ilé àǹtí Darcy, Elizabeth fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ijó mẹ́rin péré ló jó. Ẹni tí kò mọ òfin á rò pé ìṣirò òǹkọ̀wé ti dàrú, àmọ́ ó pé: ẹ̀ẹ̀kan ni ijó méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ọkùnrin ò tó, Elizabeth jókòó fún ijó méjì, Darcy tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ sì dúró nítòsí tí kò bá a jó. Ìyẹn dun mí ju ọ̀rọ̀ ẹnu Darcy lọ, tó ní ẹwà rẹ̀ kò tó èyí tó máa wu òun.

Obìnrin kì í bẹ̀bẹ̀ fún ijó. Henry Tilney sọ ọ́ kedere nínú Northanger Abbey, ìwé Austen mìíràn, pé ọkùnrin ló ń yàn, kíkọ̀ nìkan ni agbára obìnrin. Kíkọ̀ náà sì lówó lórí: tó bá kọ ẹnì kan, ìwà ọmọlúàbí kò gbà kó tún bá ẹlòmíràn jó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí Elizabeth kò fi lè yẹ Mr Collins, ìbátan rẹ̀, sílẹ̀ nígbà tó bèèrè ijó méjì àkọ́kọ́ ní Netherfield, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wickham, ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan, ló wà lọ́kàn rẹ̀. Collins ń tọrọ àforíjì dípò kó fọkàn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣìnà láìmọ̀. Nínú ijó tí ìgbésẹ̀ ẹnì kan ti so mọ́ ti àwọn tó yí i ká, ẹni tó bá yà sí òdì ti ba ti gbogbo wọn jẹ́, ẹnìkejì rẹ̀ ni ojú sì ń tì.

Ti Catherine Morland, ọmọbìnrin tí ìtàn Northanger Abbey dá lé, ní ìlú Bath tún burú sí i. John Thorpe ti gba ijó lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń fi káàdì ṣeré lọ. Catherine jókòó dè é. Henry Tilney, ẹni tó wù ú, dé, ó ní kó jẹ́ kí àwọn jọ jó, ó sì di dandan kó kọ̀. Àwọn tó ń wò ó rò pé kò rí ẹni bá jó ni.

Lójú tèmi, ijó tó lẹ́wà jù nínú gbogbo ìwé Austen wà nínú Emma. Ní ilé èrò Crown Inn, Harriet, ọ̀rẹ́ Emma, nìkan ni ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ́kù lórí ìjókòó. Mr Elton, àlùfáà àdúgbò, ní òun ṣe tán láti jó, àfi ìgbà tí wọ́n dárúkọ Harriet tó ní òun ti dàgbà kọjá ijó. Mr Knightley, tí kì í sábà jó, ló dìde tó mú un lọ sórí ìlà. Kò fẹ́ ẹ sílé o. Ó kàn mọ ibi tí ìyà wà ni. Nínú Persuasion, ìwé Austen mìíràn, Anne Elliot kò tiẹ̀ sí lórí ìlà mọ́. Píánò ló ń tẹ̀ fún àwọn tó ń jó, omi ń lé sí i lójú nígbà mìíràn, Wentworth tó ti fẹ́ kó fẹ́ òun rí sì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn bóyá Anne kì í jó ni.

Àwọn tó tẹ̀ lé Austen náà mọ̀ ọ́n. Nínú Vanity Fair, Thackeray mú Amelia lọ sí òde ijó Duchess of Richmond ní Brussels, 15 Okudu 1815, ó fi í jókòó sí igun, ọkọ rẹ̀ sì ń fi lẹ́tà pamọ́ sínú òdòdó fún Becky, ọ̀rẹ́ Amelia. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ náà kú sí ogun Waterloo. Hardy ní tirẹ̀ gbé ijó lọ sínú pápá nínú Tess (1891): obìnrin ń bá obìnrin jó títí àwọn ọkùnrin fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Angel Clare tó ń kọjá lọ yà, ó mú ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í ṣe Tess.

Dickens ló dà bíi pé ó yàtọ̀. Lọ́dọ̀ Fezziwig, ọ̀gá Scrooge nígbà ọ̀dọ́, nínú A Christmas Carol (1843), kò sẹ́ni tó jókòó: ogún ọkùnrin àti ogún obìnrin dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàlagbà, alásè, gbogbo wọn. Ìlà sì dàrú pátápátá, nítorí bí àwọn méjì tuntun bá ti dé orí ìlà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn kò jẹ́ kí àwọn tó ṣáájú rìn jìnnà tó. Nígbà tó yá, gbogbo wọn di olórí, kò sí ẹni nísàlẹ̀ tí wọ́n máa bá jó. Kò sẹ́ni tó bínú. Síbẹ̀, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò jó: Scrooge àgbà, ahun tó ń ni akọ̀wé rẹ̀ lára, tó dúró ti iwin tó mú un padà sí ayé àtijọ́, tó ń wo ara rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́. Iwin náà ní owó tí Fezziwig ná kò ju pọ́n-ùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Scrooge bá a jiyàn, ó sì wá dákẹ́. Nígbà tí iwin bi í pé kí ló dé, ó ní ó wu òun kí òun rí akọ̀wé òun bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ nísinsìnyí.