Ẹ Má Sọ fún Wọn Pé Mo Ti Ṣiṣẹ́ Gidi Rí

Ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo ayé ń fi pamọ́. Olórin ráàpù Amẹ́ríkà nìkan ni mo rí tó ń fi iṣẹ́ tó mọ́ pamọ́. Gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, á ní ọmọ ọdún 15 lòun tó ń kó kokéènì wọ̀lú ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ọmọ ọdún 15! Ta ló bá a wa ọkọ̀?

Ẹ wo Rick Ross. William Leonard Roberts lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó yá orúkọ orí ìtàgé lò lára "Freeway" Rick Ross, ẹni tó ta kokéènì ní Los Angeles láwọn ọdún 1980 títí tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ní 2008, àwọn oníròyìn The Smoking Gun wá hú ìwé iṣẹ́ ọkùnrin wa jáde. Láti oṣù Kejìlá 1995 sí oṣù Kẹfà 1997, wọ́dà ni ní Florida. Wọ́dà o! Nígbà tí àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ kọ́kọ́ jáde, ó ní wọ́n lẹ orí òun mọ́ ara ẹlòmíràn ni. Ìgbà tó yá ló jẹ́wọ́. Wọ́n ní èèyàn gbowó oṣù ìjọba, ó sì ń sẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú ilé onílé.

Ọdún 1996 ni wọ́n sọ Ross gidi sẹ́wọ̀n gbére. Ọgbà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó ná: olórúkọ wà nínú, ẹni tó máa yá a lò ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n dín ìdájọ́ Ross gidi kù lẹ́yìn náà, ó jáde ní 2009, ó sì pe olórin lẹ́jọ́ ní 2010 nítorí orúkọ rẹ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn California dá olórin láre, wọ́n ní ó ti sọ orúkọ náà di iṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Ẹjọ́ tó jàre rẹ̀ náà ló fi òǹtẹ̀ lù ú pé àlọ́ ló ń pa.

Ṣé àwọn olólùfẹ́ bínú? Rárá. Àwo tó gbé jáde ní 2009 bọ́ sípò kìíní lórí àtẹ Billboard.

Àwọn olórin kan ta kokéènì lóòótọ́, n ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ní 1994, 50 Cent ta kokéènì fún oníbàárà kan, ọlọ́pàá sì ni oníbàárà náà. Bí òótọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn: kékeré, ó sì máa ń tini lójú. Àwọn onímọ̀ méjì, Levitt àti Venkatesh, yẹ ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ oníkokéènì kan wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000: owó àwọn ọmọ tó ń dúró ní kọ̀rọ̀ òpópó kò ju iye tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́. N ò tíì gbọ́ orin ẹni tí òtútù pa ní kọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí owó rẹ̀ ò tó ti ẹni tó ń fọ abọ́.

Ìjọba ló wá gba àlọ́ náà gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní Atlanta, ní 2023, adájọ́ gbà kí wọ́n lo orin olórin ráàpù Young Thug bí ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n pè é. California ti ṣòfin ní 2022 láti dín àṣà yìí kù. Èmi ì bá jẹ́ lọ́yà irú wọn, mi ò ní jà pẹ́: "Olúwa mi, oníbàárà mi ò ta nǹkankan rí. Ìwé owó oṣù rẹ̀ rèé."

Oníbàárà mi á sì fà mí láṣọ: "Lọ́yà, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Àwọn oníròyìn wà lẹ́yìn."