Máìkì olówó gọbọi kọ́ ló ń mú ohùn tí a gbà nílé dán

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ akọrin ìlú Ìbàdàn, láti Agbowó títí dé Òkè-Àdó, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́: pé ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ nínú yàrá kò lè dán bíi ti sítúdíò láé, àfi bí olúwarẹ̀ bá ra máìkì olówó gọbọi, tó sì tún ra àwọn plugin, ìyẹn sọ́fítíwià kéékèèké tí a fi ń tún ohùn ṣe, tí àwọn ẹ́ńjíníà ńlá ń lò. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí, àwọn kan ń dá èésú, àwọn kan ń yáwó, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ mìíràn sì ń fi owó àjọ ra máìkì. Nígbà tí orin bá wá jáde, ohùn náà á ṣì máa dún bíi ti ẹni tó ń kọrin láti inú kànga, wọn á sì ní máìkì tí wọ́n rà ni kò tíì wọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí kan tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjíníà Bruce Swedien ń gba ohùn Michael Jackson sílẹ̀ fún àwo Thriller, èyí tó jáde ní 1982, Shure SM7 ló lò fún ọ̀pọ̀ nínú ohùn rẹ̀. Máìkì dynamic ni SM7, irú tó sábà máa ń wà lórí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ Swedien ní àwọn máìkì condenser, irú tó máa ń gbọ́ ìró fínnífínní, tí owó wọn ju ti èyí lọ fíìfíì. N kò sọ pé SM7 jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó lè mú èyí tó wọ́n jù kò mú un. Ohun tó ní tí a kò ní ní Apẹtẹ ni yàrá tí wọ́n dìídì kọ́ kí ìró má baà máa ta padà, àti etí tó mọ ohun tó ń gbọ́. Etí ṣeé kọ́. Yàrá ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ohùn ti ń bàjẹ́ kí mixing, ìyẹn dída ohùn àti ìlù pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀.

Yàrá ìgbàlódé lọ́dọ̀ wa jẹ́ bùlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Táìsì ló wà nílẹ̀, àjà rẹ̀ jẹ́ ike PVC tí kò nípọn, fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì. Dídá ni gbogbo wọn ń dá ìró padà. Ẹ dúró sí àárín irú yàrá bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹrù kò bá tíì pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó gbọ́ ìró kan tó ń sáré láti ògiri dé ògiri lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà. Ìró yẹn ni máìkì ń gbọ́ lẹ́yìn gbogbo sílébù tí ẹ bá kọ. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri ẹ̀gbẹ́ bá fi 60 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí akọrin àti máìkì rẹ̀, ohùn tó kọlu ògiri kó tó padà yóò rin nǹkan bíi mítà kan ju èyí tó wá tààrà lọ, yóò sì fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3 pẹ́ dé. Etí kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, kò sì ní pè é ní gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pàdé nínú máìkì, wọ́n máa ń pa ara wọn kù ní àwọn ìwọ̀n kan, bíi 167 Hz, 500 Hz, 833 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè lọ, wọ́n á sì máa ran ara wọn lọ́wọ́ ní àwọn ìwọ̀n tó wà láàárín. Bí akọrin bá mi orí díẹ̀, àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí á yí padà. Ìdí nìyẹn tí EQ, ohun tí a fi ń gbé ìwọ̀n ìró kan sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò fi lè tún un ṣe: ibi tó yẹ kó tún ṣe kò dúró sójú kan.

Bí ẹ bá gbé máìkì tó wọ́n jù lọ lágbàáyé sínú irú yàrá yìí, yóò kàn gba ìró ògiri sílẹ̀ ní kedere ni. Máìkì kò mọ èwo ni ohùn, èwo ni yàrá. Bí ẹnu akọrin bá ṣe súnmọ́ ọn tó ló ń pinnu bí ọ̀kan yóò ṣe borí èkejì. Nígbàkigbà tí a bá dín àyè tó wà láàárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn tó ti ẹnu wá tààrà máa ń fi nǹkan bíi 6 dB (dB ni a fi ń wọn agbára ìró) lágbára sí i, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn yàrá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá kúrò ní 60 sẹ̀ǹtímítà wá sí 15 ti jèrè nǹkan bíi 12 dB lórí yàrá rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Òótọ́ ni pé sísúnmọ́ máìkì báyìí máa ń mú kí bẹ́ẹ̀sì pọ̀ jù nínú máìkì cardioid, irú tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, kí èémí sì máa bú lu máìkì, ṣùgbọ́n ìyẹn ní àtúnṣe: ẹ na aṣọ fẹ́lẹ́ kan síwájú máìkì, ẹ fi EQ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz, kí ẹ sì dín ohun tó wà láàárín 200 Hz sí 300 Hz kù díẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ pé yàrá ni ọ̀tá máa ń sáré lọ wá páálí ẹyin láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Páálí ẹyin kò nípọn. Díẹ̀ nínú ìró tó lọ sókè gan-an ló lè mú. Kò rí nǹkan kan ṣe sí bẹ́ẹ̀sì, kì í dí ariwo ìta lọ́wọ́, iná sì máa ń tètè ràn mọ́ ọn, èyí tí kò yẹ ká fojú kéré nínú ilé tí àbẹ́là àti jẹnẹrétọ̀ wà. Ohun tó nípọn tí afẹ́fẹ́ sì lè rìn nínú rẹ̀ ló ń gba ìró mì: fóòmù ìbùsùn tí a gbé nàró, kúbùsù tí a ṣẹ́ po, wọ́dìróòbù tí a ṣí sílẹ̀ tí agbádá àti aṣọ òkè kún inú rẹ̀. Ibi tí a gbé e sí tún wà níbẹ̀. Máìkì cardioid kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọrin àti ògiri tó wà lẹ́yìn akọrin ló kọjú sí. Ẹ̀yìn akọrin ló yẹ kí fóòmù kọ́kọ́ wà. Àìmọye àwòrán ni mò ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti fi fóòmù yí ẹ̀yìn máìkì ká, tí akọrin sì fẹ̀yìn ti sìmẹ́ǹtì gbalasa.

Ní ti ariwo, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ju pé ká dúró kó dá lọ. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má tíì kanra: fíríìjì ti dákẹ́, fáànù ti dákẹ́, kọ̀ǹpútà tó ń lo bátìrì rẹ̀ kò sì ní gba ìró kùn-ùn 50 Hz tó sábà máa ń gba ara ṣájà wọlé. Ẹ tètè kọrin kí ará ilé kejì tó tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, ètò kan tó wà nínú sọ́fítíwià ìgbohùnsílẹ̀, kí ibi tó ga jù nínú ohùn wà ní nǹkan bíi -10 dBFS (òdo ni òpin ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà). Kò sí èrè kankan nínú kí iná pupa máa tàn.

Ó wá ku plugin. Ìṣirò ni compressor, ohun tó ń tẹ ibi tó bá ké jù mọ́lẹ̀, àti EQ inú kọ̀ǹpútà, èyí tó sì bá sọ́fítíwià olówó pọ́ọ́kú wá lè ṣe iṣẹ́ tí ohùn nílò. Audacity, tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́. REAPER, irú rẹ̀ mìíràn, ń fún èèyàn ní ọjọ́ 60 láti dán an wò, owó ìwé àṣẹ rẹ̀ fún aládàáni sì jẹ́ dọ́là 60. Lóòótọ́, àwọn plugin tó ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ máa ń fi adùn díẹ̀ kún ohùn, n kò sì ní bá ẹni tó fẹ́ràn wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé bí ẹ bá ti fi plugin náà sí i, ó ti fi dB kan tàbí méjì ké sókè sí i, ohun tó bá sì ké jù létí wa ló máa ń dùn jù. Àwọn onímọ̀ ìró Fletcher àti Munson ti fi hàn láti 1933 pé etí túbọ̀ ń gbọ́ bẹ́ẹ̀sì dáadáa bí ìró bá ṣe ń le sí i. Ẹ dín ohùn tó jáde láti inú plugin kù títí tí yóò fi bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá máa pa á kí ẹ máa tàn án. Ọ̀pọ̀ ìyanu ló máa ń pòórá níbẹ̀. Preset, ìyẹn ètò plugin tí ẹnìkan ti tò sílẹ̀, tó bá tà fún yín náà kò lè bá yín mu tààrà, nítorí ibi tí compressor ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rọ̀ mọ́ bí ohùn tó wọ inú rẹ̀ ṣe lágbára tó, ohùn ẹni tó tà á kì í sì í ṣe tiyín.

Iṣẹ́ tó ń mú ohùn dán gan-an kò ní orúkọ ńlá: kí a máa gbé ohùn sókè, kí a máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, sílébù kọ̀ọ̀kan, kí ó tó kan compressor. Èdè wa gan-an ló ń béèrè rẹ̀. Ẹ mú gbólóhùn bíi "ilé mi kún fún ayọ̀". Bí akọrin bá dé "yọ̀", ohùn ti lọ sílẹ̀, èémí ti ń tán, ìlù sì ń bú lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ ohun tó kún inú ilé náà. Bí a bá fi 3 dB gbé sílébù yẹn nìkan sókè, ọ̀rọ̀ á yọ. Bí a bá fi compressor nìkan ṣe é, a ní láti tẹ gbogbo gbólóhùn mọ́lẹ̀ kí sílébù kan ṣoṣo tó ṣeé gbọ́, èémí á sì máa hàn ketekete. Bákan náà ni "s" àti "ṣ" tó bá ń gún etí, tí agbára "s" sábà máa ń wà láàárín 5 kHz sí 8 kHz (kHz kan jẹ́ 1,000 Hz), tí ti "ṣ" sì máa ń wà nísàlẹ̀ ìyẹn: ẹ rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó ń gba sùúrù, ó sì sú èèyàn púpọ̀.

Auto-Tune, sọ́fítíwià tó ń tún ohùn tó bá yẹ̀ ṣe, tún wà tí wọ́n ń kà sí oògùn. Andy Hildebrand, ẹni tó ti fi ìṣirò ìgbì ìró bá àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ṣiṣẹ́ rí, ló ṣe é, ó sì jáde ní 1997. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nínú "ọ̀rẹ́", ohùn òkè tó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ gòkè ni, kì í fò. Bí a bá fi Auto-Tune sí ìwọ̀n tó yára jù, yóò gé ìyọ́gòkè yẹn dànù. Ẹ jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́, àyàfi bó bá jẹ́ pé ohùn ẹ̀rọ náà gan-an lẹ fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́ orin náà lórí fóònù, kí ẹ sì bẹ awakọ̀ takisí Micra kan kó gbé e sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá yọ nínú Micra tó ń lọ sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, mixing náà ti jinná. Máìkì tó wọ́n wúlò nígbà tí yàrá bá ti dákẹ́, pàápàá fún akọrin tí ohùn rẹ̀ rọ̀, nítorí ariwo abẹ́lẹ̀ tirẹ̀ sábà máa ń kéré. Kí ẹ tó ná owó yẹn, ẹ fi fóònù yín gba gbólóhùn orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní àárín yàrá, lẹ́ẹ̀kan níwájú wọ́dìróòbù tí aṣọ kún inú rẹ̀ pẹ̀lú fóòmù lẹ́yìn yín, kí ẹnu yín jìnnà sí fóònù bákan náà nígbà méjèèjì. Ẹ mú kí wọ́n ké dọ́gba, kí ẹ fi wọ́n létí ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ bi í èwo ló ti sítúdíò wá, ẹ má sì sọ èwo ni èwo fún un kó tó dáhùn.